Bí A Ṣe Ń Kí Ẹni Tó Ń So Wáyà Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú àdúrà orí wa. Èmi ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ajé á wọgbá o. Ẹ bá mi kí Bàámi nídìí igbá tí wọ́n ń fín, ọ̀bẹ kò ní yẹ̀ o. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi onímọ́tò, ọkọ̀ á re fò o. Ẹ bá mi kí àbúrò yín onídìrí tó wà níwájú ilé, ojú gbooro o. Ẹ bá mi kí bàbá àgbẹ̀ tó múlé tì wá, àroko bọ́dún dé o. Ó dà bíi pé mo ti kí gbogbo yín tán, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fara balẹ̀ kí yín báyìí ni, torí ọ̀rọ̀ kíkí ni mo tìtorí rẹ̀ gbé bírò.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ó ní ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ti di òkè òkun ni, tí Àjíkẹ́ fi ń kọ lẹ́tà sílé? Ẹni tó bá wọ mọ́tò l'Ọ́yọ̀ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí ebi ọ̀sán tó pa á, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ìpè wa ṣe ń rí. Bí mo bá pè yín, ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ẹ ó gbàdúrà fún mi títí káàdì á fi tán, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sì wà lẹ́nu mi síbẹ̀. Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n jayé orí mi díẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á, pàápàá àwọn tá a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá kan gbogbo wa.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fún Bàámi jẹ. Ẹ ní wọ́n ti Ìkòyí-Ilé tí wọ́n ti lọ ra igbá dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú, ẹ wádìí títí, wọn kò sọ ju pé àwọn yà kí ọmọ yín lọ. Màámi, ẹ fa àpótí, ẹ jókòó. N ó rò ó fún yín látòkè délẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ọyẹ́ ti dé síbí o. Ètè mi ti bẹ́, eruku sì ti wọ gbogbo ihò kọ̀ǹpútà tó wà ní Under G, àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, èyí tó ń mú kí ọjà mi yá díẹ̀, mi ò lè purọ́. Màmá onílé mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, orin ìyìn wọn ló ń jí mi láràárọ̀. Wọ́n rí i pé mo fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa nínú ọyẹ́, pẹ̀lú sùtánà funfun báláú, wọ́n ní ẹsẹ̀ mi á sán bí ògiri alámọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé òrí sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni rere ni wọ́n. Síbẹ̀, ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi lọ sílé ni mo máa ń mọ̀ pé àjèjì ni mí. Ibi tí ariwo ti ń di ènìyàn létí á pa lọ́lọ́, àwọn olóúnjẹ á ti ìsọ̀ wọn, èmi nìkan á jókòó láàárín wáyà tí mo fi kọ́ ara ògiri, mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Ẹ má bẹ̀rù, wọn kì í dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn náà rèé. Mo gbọ́ pé àwọn ìyá ìjọ bi yín pé iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe, ẹ sì ní ó ń ta wáyà, ni ìyá kan bá ní kí n wá bá òun wo iná ilé òun tó ń ṣẹ́jú. Ẹ kú ìpolówó ọjà mi o, Màámi, ṣùgbọ́n wáyà iná ilé kọ́. Wáyà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, pírítà tó ń tẹ̀wé àti fóònù sọ̀rọ̀ ni. Mò ń tà á, mò ń tún un ṣe, mo sì ń sọ ọ́ lórí, ìyẹn ni pé mo ń fi orí tuntun sí i lẹ́nu. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà ní orí wáyà yẹn, torí orí kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń gba ihò oníhò.

Èyí tí ẹ mọ̀ jù ni USB, orí pẹlẹbẹ tí ẹ ń kì bọ inú ṣájà fóònù yín. Fláàṣì, máòsì, kíbọ́ọ̀dù, pírítà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, bí ẹ bá sì dojú rẹ̀ dé, kò ní wọlé. Gbogbo ayé ló ń dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kíní, èmi náà tí mo ń jẹun nídìí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí kẹ́yìn ni Táìpù Sí, tó kéré, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí roboto. Ìyẹn kò ní òkè kò ní ìsàlẹ̀, bó ṣe wù yín lẹ lè kì í bọlé. Ó ń gbé iná, ó ń gbé iṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé àwòrán. Mo ní àwọn kan o, torí ojú wọn jọra, ìwà wọn kò jọra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ. HDMI ni ti tẹlifíṣọ̀n, àwọn igun rẹ̀ méjì nísàlẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n gé sọnù, àwòrán àti ohùn ló ń gbé pọ̀. Èyí tó rí gbọọrọ bí ìṣó, tó ń wọ ihò roboto, ti gbohùngbohùn tí àwọn ọmọ ń kì bọ etí gbọ́ orin ni. Bàbá gbogbo wọn wá ni VGA. Orí rẹ̀ tóbi, ó sábà máa ń jẹ́ búlúù, ìdè méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń fọwọ́ lọ́, abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì wà nínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta. Àwòrán nìkan ló ń gbé, kò mọ ohùn. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n àwọn pùrójẹ́kítọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń tan àwòrán sára ògiri nílé ẹ̀kọ́ kò tíì gbà kó fẹ̀yìn tì. A tún ní akọ àti abo nínú wọn. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ ni akọ, èyí tó ní ihò ni abo. Ẹ má fojú burúkú wò mí, èmi kọ́ ni mo sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹ wá rántí ọdún tí mo sọ pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe. Ọdún kẹfà rèé. Bàámi kò bínú, wọn kò sì gégùn-ún, owó mọ́tò gan-an wọ́n fún mi. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé kò sí iṣẹ́ tí Yorùbá ń ṣe tí kò ní kíkí tirẹ̀. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀, aláró ní tirẹ̀, ọdẹ tó ń lọ sínú igbó ní tirẹ̀, wọ́n wá bi mí pé bí ènìyàn bá ń kọjá tó bá mi nídìí wáyà, báwo ni yóò ṣe kí mi. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i, eré ni, kí n lọ ṣe é, bí ó bá sú mi kí n padà sídìí igbá.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ bí Bàámi ṣe ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé. Onímọ́tò dé, wọ́n kí i tọkọ̀tọkọ̀. Onídìrí kọjá, wọ́n kí i. Bó bá wá kan èmi, wọ́n á ní mo káàbọ̀, ṣé àlàáfíà ni mo dé? Màámi, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń pín búrẹ́dì tí mo rà bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí bàbá mi kí mi níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀kan nínú wa tó darúgbó jù. Ẹ rántí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí mo ní kí ẹ bá mi gbà tí mi ò sọ ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbójú sókè, mo rí kẹ̀kẹ́ tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo rí àpò igbá tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, Bàámi sì tẹ̀ lé àpò. Ẹsẹ̀ wọn kò kan Under G rí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn dípò kí n kúnlẹ̀, ìyàlẹ́nu náà ló pọ̀ jù. Wọ́n sáré ṣàlàyé pé kì í ṣe pé àwọn wá wò mí o, mọ́tò Ọ̀yọ́ ni kò tíì kún ní gáréèjì, òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn. Omi wà ní gáréèjì, Màámi, mi ò kàn jiyàn ni. Wọ́n mu omi tán, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa igbá kan yọ, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n sì dojú kọ ọ́ kí ojú wọn má baà ṣèèṣì bọ́ sára iṣẹ́ mi.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan sáré wọlé, ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Ọjọ́ tó máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn, ó sì kù bíi wákàtí kan kí wọ́n pè é. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ tuntun, ó fẹ́lẹ́ bí ewé, Táìpù Sí nìkan ni ihò tó wà lára rẹ̀. Pùrójẹ́kítọ̀ wọn sì jẹ́ ti VGA. Ẹnìkan ti yá a ní nǹkan tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀, ó dojú orí VGA náà dé, ó rí i pé kò wọlé, ó wá fi gbogbo agbára tì í. Nígbà tó na wáyà pùrójẹ́kítọ̀ náà sí mi, abẹ́rẹ́ méjì ti tẹ̀ nínú rẹ̀ pátápátá, ohun tí wọ́n yá a náà sì ti ya. Ó ní òun ti ba ayé ara òun jẹ́. Mo ní kó jókòó, ayé kì í bàjẹ́ nídìí VGA.

Ẹnu ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo wo ara ògiri, mi ò ní èyí tó ń gba Táìpù Sí bọ́ sí VGA lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní èyí tó ń sọ Táìpù Sí di HDMI, mo sì ní òmíràn tó ń sọ HDMI di VGA. Mo so wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ìgbà tí ọmọ ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, tí àbúrò ń di aṣọ ọmọ mú. Ìyẹn yanjú. Ó ku wáyà tó tẹ̀, èyí tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ mi ni mo sì ti tà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àfi kí n na àwọn abẹ́rẹ́ náà padà. Bí wọ́n bá sì kán, ó parí nìyẹn. Mo mú ẹ̀mú mi, ó nípọn jù. Mo tún mú un, mo tún gbé e kalẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti dáwọ́ igbá dúró.

Bàámi dìde. Wọ́n ní kí n sún síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gba orí wáyà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i po, wọ́n fi ìka wo etí rẹ̀, wọ́n bi mí pé ṣé apá kan gùn ju èkejì ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ka abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Wọ́n wá mú ọ̀bẹ tó tín-ín-rín jù nínú àwọn ọ̀bẹ ìfíngbá wọn, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn nílé, wọ́n sé èémí, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ kìíní dìde, díẹ̀, díẹ̀, wọ́n gbé èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà di orí mú. Èmi di àyà mú. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní kí n wò ó bóyá yóò wọ̀.

Ó wọ̀, Màámi! Àwòrán iṣẹ́ ọmọ náà yọ gbàgàdà lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi ń dán nǹkan wò. Bàámi sọ fún un pé ohun tó bá bára mu kì í béèrè agbára, pé bí kò bá wọlé, kó yí i wò, kó má tì í. Mo rẹ́rìn-ín, torí ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo fi ọmọrí igbá há igbá lẹ́nu títí ó fi là. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, wọ́n ní, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ náà fi ọ̀kadà sáré lọ. Ó ti padà wá láti wá dúpẹ́, ó ṣe dáadáa.

Bàámi kò padà sídìí igbá mọ́. Mo ní wáyà ìńtánẹ́ẹ̀tì ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan láti sọ lórí, mo gbé àpótí kékeré síta níbi tí oòrùn wà, mo jókòó, mo sì bó o. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ ewé, búlúù àti aláwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ tó ní funfun lára. Mo tẹ́ wọn sórí orúnkún, mò ń yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàámi bi mí pé kí ló dé tí funfun olọ́sàn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mo ní bí a bá ṣe tò ó ní orí kan náà la gbọ́dọ̀ tò ó ní orí kejì, bí ọ̀kan bá ṣi ipò, ọ̀rọ̀ kò ní kọjá. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọnà ara igbá gbọ́dọ̀ pàdé ọnà ara ọmọrí rẹ̀, bí wọn ò bá pàdé, igbá náà kò níyì.

Ibi tá a dé nìyẹn tí ìyá àgbàlagbà kan tó ru ewé ń kọjá. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n rí mi lórí àpótí, wọ́n rí nǹkan wẹ́wẹ́ lórí orúnkún mi tí mò ń yà, wọ́n rí Bàámi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi. Ìyá náà gbóhùn sókè, wọ́n ní ojú gbooro o! Màámi, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí mo bá jókòó síta nídìí okùn mẹ́jọ yìí, àwọn àgbà máa ń rò pé irun ni mò ń dì. Mo máa ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kíkí oníṣẹ́ mìíràn kì í pani, ó sì sàn ju àìkíni lọ. Mo ti la ẹnu láti dáhùn.

Bàámi ló dáhùn ṣáájú mi. Wọ́n na ara, wọ́n tẹríba fún ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n má bínú, ọmọ àwọn kì í ṣe onídìrí, wáyà kọ̀ǹpútà ló ń so, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, iṣẹ́ tó ń béèrè ojú àti sùúrù ni. Ìyá náà bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kọjá lára òṣìṣẹ́ láìkí i, báwo wá ni wọ́n ṣe ń kí oníṣẹ́ yìí?

Mo tẹ orí ba, mo ń wo funfun olọ́sàn. Ọdún kẹfà rèé tí ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀, Bàámi ni wọ́n sì wá bi báyìí. Wọ́n wo okùn mẹ́jọ náà, wọ́n wo orí wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wá kọjú sí èmi gan-an, kì í ṣe ìyá náà. Wọ́n ní, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò máa wọlé o!

Ìyá náà gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n kí mi bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé ewé wọn lọ. Àṣẹ nìkan ni mo rí sọ. Mo ní eruku ọyẹ́ ló kó sí mi lójú. Bàámi ní àwọn náà rí i pé eruku pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbé àpò wọn, mo sìn wọ́n dé gáréèjì, mo ra nǹkan tí ẹ ó jẹ dání fún wọn, a kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Orí VGA kan tó ti kú ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Bí ẹ bá rí igbá tí wọ́n fín ojú ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ní ìlà mẹ́ta, ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan, ẹ kàn kí wọn pé ọ̀bẹ kò ní yẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ní Under G, l'Ọ́yọ̀ọ́ àti níbikíbi tí ẹ ti ń sọ wáyà lórí, ẹ gbọ́, a ti ní kíkí. Ẹ má jẹ́ kíkí onídìrí mọ́.

Ṣùgbọ́n Màámi, ó ku nǹkan kan. Kò sí kíkí tí kò ní èsì, àṣẹ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, ti gbogbo ayé ni. Bàbá ti fún iṣẹ́ mi ní kíkí, ẹ̀yin ìyá ni kí ẹ fún un ní èsì. Ẹ gbé e dé iwájú pẹpẹ bí ẹ bá fẹ́, ẹ rò ó nídìí ọjà, ìgbàkígbà tó bá bọ́ sí yín lẹ́nu, ẹ pè mí. Ní ọjọ́ yẹn, káàdì ì báà tán, n kò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu.

Olúwa á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ lọ́nà ọjà, ojú Bàámi kò ní ṣókùnkùn nídìí ọnà. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa, ẹ kí ará ìjọ, ẹ sọ fún ìyá tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú pé kó pe oníná.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjíkẹ́, tí bàbá rẹ̀ kí níṣẹ́.